Asẹ́ BAW tó ń jẹ agbára: ibo gan-an ló ti ń jò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Asẹ́ BAW (bulk acoustic wave: ó ń fi ìgbì ìró inú ohun èlò yan frequency tó máa kọjá) la ń ṣe fún apá ìfiránṣẹ́ Band 7 ti fóònù, 2500 sí 2570 MHz. AlN (aluminium nitride, ohun èlò piezo tó ń sọ iná di ìgbì) la lò, irin molybdenum ni electrode òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó ń gbé iná wọ̀ ọ́. Dígí ìró tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dá ìgbì padà, jẹ́ ìpele tungsten àti SiO₂ (silicon dioxide), méjì-méjì. Kọ̀ǹpútà sọ pé ohun tó máa sọnù láàárín asẹ́ ò ní ju 1.4 dB lọ. Èyí tí wọ́n ṣe wá fún wa, 2.3 dB la wọ̀n lára rẹ̀, tó bá sì dé etí òkè, ó ń di 3.5. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ká po scandium mọ́ AlN. Ẹlòmíì ní ká fi ìpele kún dígí. Ọ̀gá wa ní ká fi férémù yí etí resonator (ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń mì nínú asẹ́) ká. Ẹ̀ẹ̀kan péré la tún lè rán an lọ fún ṣíṣe. Èwo ni ká mú?

* * *

Kò sí èyí tí ẹ máa mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná. Gbogbo yín ti ń kọ oògùn, ẹnikẹ́ni ò tíì bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ ká fi dB sílẹ̀ díẹ̀. 1.4 dB ni pé tí agbára 100 bá wọlé, bíi 72 ló jáde. 2.3 dB, 59 ló jáde. 3.5 tó wà létí òkè yẹn, 45 péré. Ó ju ìdajì lọ tí kò dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n pé kò dé kò ní ká sọ pé ó jóná. Òmíì ń dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un, á sì padà síbi tó ti wá. Tó bá jẹ́ S21 (ohun tó kọjá) nìkan lẹ ń wò, ẹ ò lè mọ èyí tó padà yàtọ̀ sí èyí tó jóná. Ẹ gbé S11 (ohun tó padà) tì í. Ẹ sọ àwọn méjèèjì di ìdá agbára, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú 1. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló jóná tàbí tó jò lóòótọ́. S11 tó bá wà ní −10 dB ti dá ìdá kan nínú mẹ́wàá padà, ìyẹn nìkan sì ti gba 0.46 dB lọ́wọ́ yín. Kò sí scandium tó máa wo ìyẹn sàn.

Ẹ tún wo etí òkè yẹn dáadáa. Bí AlN àti electrode bá ṣe nípọn tó ló ń pinnu frequency. Tí gbogbo rẹ̀ bá fi ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, asẹ́ náà á sún wálẹ̀ ní bíi 12 MHz. Nínú àyè 70 MHz, 12 kì í ṣe kékeré. Etí òkè á wá dà bí ẹni tó ń jẹ agbára, nígbà tó jẹ́ pé asẹ́ ló ṣí kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀: tóun náà bá ti sún wálẹ̀ bákan náà, ẹ ti mú olè kan.

* * *

Ẹnì kan ní "Q ló kéré, ẹ wá ohun èlò tó dáa jù." Ìdáhùn tí mo ń rí jù nìyẹn, òun náà ló sì ń bí mi nínú jù, torí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Q kan ṣoṣo ló wà.

Resonator kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì. Ní frequency kan tí à ń pè ní fs, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ní fp, tó ga ju fs lọ díẹ̀, ó dí pa. Q ni a fi ń wọn bí ìgbì inú rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó rọ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀: Qs àti Qp. Ohun tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì. Ní fs, iná púpọ̀ ló ń ti ìta wọlé, nítorí náà gbogbo ìdènà tó wà lójú ọ̀nà ló ń bù jẹ nínú rẹ̀: irin tó so resonator kan mọ́ ìkejì, electrode fúnra rẹ̀, ibi tí irin méjì ti pàdé. Ní fp, inú resonator níbẹ̀ ni iná ti ń yí po, díẹ̀ ló ń gba ìta. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìgbì tó ń jò lọ sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò. Resonator 50 ohm ní 2.5 GHz, capacitance rẹ̀ jẹ́ bíi 1.3 pF. Tí AlN bá mọ́, tí kt² rẹ̀ (bó ṣe ń sọ iná di ìgbì tó) sì tó 7%, apá rẹ̀ tó ń mì á ní reactance (ìdènà tí kì í jẹ agbára) bíi 900 ohm. Ẹ pín 900 sí Q 2000: 0.45 ohm ni gbogbo ìdènà tí ìgbì ní. Kò tó ìdajì ohm! Ẹ wá wo irin. Molybdenum tó nípọn 0.25 µm, tí resistivity rẹ̀ bá jẹ́ 10 µΩ·cm, square kan rẹ̀ ń dènà 0.4 ohm. Square kan ni pé gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà kékeré kan láàárín resonator méjì, tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n ń yà á, ti sọ 2000 yín di 1000. AlN ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ wọn resonator kan ṣoṣo, kì í ṣe asẹ́ odindi. Ẹ sọ Qs àti Qp rẹ̀ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ ò bá ya resonator àdánwò kankan sórí wafer (àwo silicon tí wọ́n ń ṣe asẹ́ sí), ìyẹn ni àtúnṣe àkọ́kọ́ fún èyí tó ń bọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ti rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ kan la gbé, Qs wa wà ní 600 àti nǹkan. A pàdé, a sì fẹnu kò pé AlN ló bàjẹ́. Àwọn tó ń da AlN yí ìlànà wọn padà lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. X-ray ní crystal náà dúró ṣánṣán, rocking curve rẹ̀ (bí àwọn crystal ṣe yà kúrò lójú kan tó) ò ju 1.5° lọ, èyí tó dáa. Qs ò kúrò lójú kan. Ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé ló béèrè pé ṣé a ti wọn ìdènà ihò tí aluminium ti sọ̀kalẹ̀ wá bá molybdenum. A ò wọ̀n ọ́n rí. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ihò kan ń gba bíi ìdajì ohm, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Oxide tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín irin méjèèjì, torí wọn ò ha ojú molybdenum kí wọ́n tó da aluminium lé e. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ẹ̀rọ ló tán an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹlòmíì lè máà ní oxide rárá, kó jẹ́ abẹ́rẹ́ tó fi ń wọn nǹkan ló ti gbó. Abẹ́rẹ́ tó ń fi 0.3 ohm kún un lójijì á jẹ́ kí resonator gidi dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ wọn short (irin tó yẹ kí ìdènà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo) tó wà lórí wafer kan náà, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ pa ìwé tì, ẹ lọ pààrọ̀ abẹ́rẹ́.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ dígí. Ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé "ìpele méjì kéré, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, ohun tó ń jò sísàlẹ̀ á dáwọ́ dúró." Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ète dígí náà rọrùn: W. E. Newell ti dá a lábàá láti 1965. Dípò kí a gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ sábẹ́ resonator bí àwọn oní-FBAR ṣe ń ṣe, a ó to ohun tó le àti ohun tó rọ̀ léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin ìgbì, ìgbì á sì máa ta padà. Tungsten ní impedance (bó ṣe ṣòro tó fún ìgbì láti mì ín) bíi 101 MRayl, SiO₂ bíi 13. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí silicon pẹ̀lú ìpele méjì-méjì, ohun tó ń jò kọjá nígbàkigbà tí ìgbì bá kan dígí ò ju bíi 6 nínú 10,000 lọ. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń jò, Q ì bá ju 10,000 lọ. Ẹ̀yin ẹ ò rí 10,000. Ẹ ò rí ìdá márùn-ún rẹ̀ pàápàá. Kí la wá fẹ́ fi ìpele kẹta ṣe?

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ìgbì méjì ló ń rìn níbẹ̀. Ọ̀kan ń tì, ó ń fà, lókè àti nísàlẹ̀. Òun ni gbogbo wa ń yàwòrán fún. Èkejì ni shear, ó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lọ, etí resonator ló sì máa ń bí i, tàbí crystal tí kò dúró ṣánṣán. Shear kì í yára. Nínú SiO₂, ìgbì àkọ́kọ́ ń sá bíi 5970 m/s, shear bíi 3760. Nínú tungsten, bíi 5220 sí 2890. Tẹ́ ẹ bá wá gé SiO₂ sí ìdá mẹ́rin fún ìgbì àkọ́kọ́, nǹkan bíi 600 nm ní 2.5 GHz, ìwọ̀n kan náà yẹn jẹ́ 0.40 ìgbì fún shear. Ti tungsten, bíi 520 nm, jẹ́ 0.45. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìpele bá ti ń súnmọ́ ìdajì ìgbì: ìgbì ò rí i mọ́, á kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Dígí fún ọ̀kan ni, fèrèsé ló jẹ́ fún èkejì. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún ìpele bẹ́ẹ̀ kún un, fèrèsé náà ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kúrò lórí ìdá mẹ́rin. Ẹ sọ SiO₂ di tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan, ẹ mú tungsten nípọn níbòmíì, kí kọ̀ǹpútà máa wá ibi tí ìgbì méjèèjì á ti padà. Ẹ̀ ń yááfì díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ sì ń gba púpọ̀ lọ́dọ̀ shear. Iye ìpele ò yí padà, mask (àwòrán tí wọ́n fi ń gé ìpele) ò yí padà. Mi ò mọ àtúnṣe tó tún rọjú tó èyí.

Ẹ má sì gbàgbé pé irin ni tungsten. Tó bá lọ jàn-án-ràn láti abẹ́ resonator kan dé abẹ́ òmíì, á di capacitor tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀. Ẹ gé e lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ férémù àti igun márùn-ún ti di ìjà níhìn-ín, n óò yára lórí rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé tí resonator bá ti ní igun márùn-ún, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kankan ò sì dojú kọ ìkejì ní ọgbọọgba, kò ní jẹ agbára mọ́. Irọ́ ni. Ohun tí igun yẹn ń ṣe ni pé ìgbì tó ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní máa lọ máa bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, nítorí náà kò ní yọ gọngọ bí ẹ̀gún nínú asẹ́. Àwòrán á dán. Agbára tó bọ́ sínú ìgbì yẹn ṣì lọ. Ẹ kàn tú u ká débi tí ojú ò rí i mọ́ ni.

Férémù ní tirẹ̀ ń dá a dúró. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, micrometre díẹ̀ ní fífẹ̀, tó ga ju àárín lọ díẹ̀, yí etí electrode òkè ká. Ó ń jẹ́ kí ìgbì àárín bá etí mu débi pé kò ní bí ìgbì ẹ̀gbẹ́ púpọ̀. Qp máa ń gòkè dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ó san án padà: kt² á dín díẹ̀, ìgbì wúruwùru á sì máa yọ lábẹ́ fs. Tí férémù bá ṣe 1 µm sọ́tùn-ún tàbí sósì ju bó ṣe yẹ lọ, èrè náà lè lọ tán. Ọ̀gá yín ò ṣìnà tó bá jẹ́ Qp ló ń dà yín láàmú. A ò tíì mọ̀.

Ẹnì kan béèrè bóyá kí wọ́n kàn sọ resonator di ńlá. Ó ń ṣiṣẹ́, torí etí ló ń jò, resonator ńlá sì ní etí tó kéré sí inú rẹ̀. Ẹ lè fi méjì tó tóbi tó ìlọ́po méjì, tí ẹ to tẹ̀lé ara wọn, rọ́pò ẹyọ kan. Agbára tó ń dé orí ìwọ̀n kan náà á wá di ìdá mẹ́rin. Bó bá sì ti tóbi, 900 ohm yẹn náà ti di 450, irin tó ń gbé iná dé ibẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Qp gòkè, Qs wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ kọ́.

* * *

Scandium. Morito Akiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ló fi hàn ní 2009 pé tí scandium bá tó bíi 43% nínú AlN, agbára piezo rẹ̀ ń di bíi ìlọ́po márùn-ún. Látìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń sáré tẹ̀lé e, wọn ò sì jẹ̀bi. Tí àyè tẹ́ ẹ fẹ́ bá fẹ̀, bíi band n41 ti 5G tó jẹ́ 194 MHz, AlN lásán ò lè tó o láìwá inductor (wáyà tó ká) kún un.

Ṣùgbọ́n Band 7 lẹ ń ṣe. AlN tí kt² rẹ̀ jẹ́ 7%, ààrin fs àti fp rẹ̀ jẹ́ bíi 2.8%, ìyẹn bíi 71 MHz. 70 lẹ ń wá. Ó bá yín mu bí ẹ̀wù tí wọ́n gé sí yín lára. Tẹ́ ẹ bá po scandium mọ́ ọn, kt² á gòkè, Q á wálẹ̀, torí ohun èlò náà ń rọ̀ sí i, crystal tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń hù bí èpò láàárín àwọn tó dúró. Etí asẹ́ yín á wá tẹ́ sílẹ̀ dípò kó dúró. Ní òkè yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láti 2570, Band 38 ló wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣe é.

* * *

Ohun kan ṣì ń rùn mí nínú. Ẹ ní kọ̀ǹpútà sọ 1.4. Ṣé ẹ fi inductor inú package (àpótí tí asẹ́ wà) sínú ìṣirò yẹn, àbí ẹ rò ó bí ohun tí kì í jẹ nǹkan? Mo béèrè torí mo ti rí àwọn tó ń jà lóru nítorí Q 2000 tí wọ́n fẹ́ sọ di 2500, bẹ́ẹ̀ inductor tí wọ́n fi bá ẹnu ọ̀nà mu, Q tirẹ̀ jẹ́ 30. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Inductor kan tẹ́ ẹ bá lè yọ kúrò nípa yíyan ìwọ̀n resonator dáadáa, ó lè sàn ju oṣù mẹ́fà lórí crystal lọ.

* * *

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A wọn resonator àdánwò, a sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Qs 780, Qp 1900. S11 láàárín jẹ́ −17 dB, ṣùgbọ́n ní 2570 ó jẹ́ −9. Etí méjèèjì sún wálẹ̀ ní bíi 6 MHz. A fi inductor sínú ìṣirò, Q rẹ̀ 35.

* * *

Ẹ ti dá ara yín lóhùn.

Qp 1900 ń sọ pé dígí ò burú, ẹ̀gbẹ́ ò burú, AlN ò burú. Ọ̀gá yín lè fi férémù rẹ̀ pamọ́. Ẹ pín 900 sí 780, ó jẹ́ 1.15 ohm. Ẹ pín in sí 1900, ó jẹ́ 0.47. Bíi 0.7 ohm tó wà láàárín wọn, irin ni. Kì í ṣe ìgbì.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ihò ìpàdé irin, ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da aluminium 1 µm lé gbogbo ojú ọ̀nà tó wà níta resonator, kó má ṣe fi ọwọ́ kan ibi tó ń mì. Square kan rẹ̀ ò ju bíi 0.03 ohm lọ, ẹ fi wé 0.4. Ẹ mú ojú ọ̀nà kúrú, ẹ mú un fẹ̀, kí iná sì máa ti ẹ̀gbẹ́ méjì wọ electrode dípò ẹyọ kan. Ẹ lè mú molybdenum fúnra rẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ kt²: irin wúwo máa ń gbé e ga díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó bá kọjá ibì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀.

Ní ti etí òkè, S11 −9 dá bíi 13 padà nínú 100. Sísún 6 MHz yẹn ni, kò sì gba mask tuntun. Ion beam lẹ fi máa ha ojú ìpele òkè, frequency á gòkè padà. Ìdá méjì àti díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún lẹ ń wá.

Ẹ má ha á débi tó bá mu gẹ́lẹ́ nínú yàrá tútù. Frequency AlN ń wálẹ̀ ní bíi 25 ppm (ìdá 25 nínú mílíọ̀nù) fún ìwọ̀n Celsius kan. Tó bá fi 60 gbóná sí i, bíi 4 MHz ti lọ. Etí òkè ló ń kọ́kọ́ fara gbá a: ó wálẹ̀, ó jẹ agbára sí i, agbára yẹn di ooru, ooru tún fà á wálẹ̀. Dígí yín ń gbé ooru lọ sínú silicon ju bí ihò afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe lọ, àǹfààní nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú iná kékeré, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní 85°C pẹ̀lú agbára tó máa rù gan-an, lórí 2570 níbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ṣe é lọ.